Àbàtà Ni Ibùsọ̀ Ẹyẹ

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfarakanra. Òwe yìí ni àwọn àgbà máa ń pa nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pẹ̀tù sí aáwọ̀ láàrin àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Òtítọ́ ni, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò jiyàn pé ojú ọ̀run kò fẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìtumọ̀ òwe náà tì sí apá kan fún ìgbà díẹ̀, tí a sì wo ẹyẹ fúnra rẹ̀, a ó rí i pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni òwe náà sọ. Ẹyẹ tí ó bá fò, yóò balẹ̀. Ilẹ̀ ni ó ti ń rí oúnjẹ, ilẹ̀ ni ó ti ń sinmi, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń gba agbára tí yóò fi tún fò. Fún àwọn ẹyẹ tí ń ti Yúróòpù àti Éṣíà wá sí Áfíríkà lọ́dọọdún, ojú ọ̀run tó wọn. Ilẹ̀ tí wọn yóò bà sí ni kò tó wọn mọ́. Fún púpọ̀ nínú wọn, etí odò, àbàtà àti àkùrọ̀ ni ilẹ̀ náà. Bí àwọn ibi wọ̀nyí bá gbẹ, ọ̀nà ẹyẹ já nìyẹn, bí ojú ọ̀run tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Àwọn Àlejò Tí A Mọ̀

Ọmọ Yorùbá kò nílò ìwé kí ó tó mọ̀ pé ẹyẹ a máa ṣí kiri. Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, lékeléke a dé. Wọn a máa tẹ̀ lé màlúù kiri inú pápá, àwọn ọmọdé a sì máa na ọwọ́ sí wọn kí èékánná wọn lè funfun. Nígbà tí òjò bá tún padà dé, a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí wọn mọ́. Ìhà àríwá ni púpọ̀ nínú wọn gbà lọ láti yé ẹyin àti láti tọ́ ọmọ. Ìrìn-àjò ni èyí, ṣùgbọ́n kò gbé wọn kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà.

Àwọn àlejò mìíràn wà tí ọ̀nà wọn jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin, ẹyẹ kékeré kan a máa sáré kiri lórí pápá ìṣeré àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àyà rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ìrù rẹ̀ kì í sì í dúró lójú kan: sókè, sódò, sókè, sódò. Yellow wagtail ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Yúróòpù ni wọ́n ti ń pamọ, wọ́n sì ń la òkun àti aṣálẹ̀ kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó ti rí ẹyẹ yìí láti ojú fèrèsé kíláàsì láìmọ̀ pé arìnrìn-àjò ni. Ní ọdún 1966, J. H. Elgood, tí ó ti kọ́ni ní ìmọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ẹyẹ tí ń ti ilẹ̀ òtútù wá sí Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé ilẹ̀ wa wà lójú ọ̀nà tí ẹyẹ púpọ̀ ń tọ̀ lọ́dọọdún.

Bí Ènìyàn Ṣe Wá Mọ Ibi Tí Wọ́n Ń Lọ

Ní ìgbà láéláé, àwọn ará Yúróòpù kò mọ ibi tí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń wọ̀ nígbà òtútù. Wọ́n ṣàkíyèsí pé, kí àwọn ẹyẹ náà tó pòórá, wọn a máa kó ara wọn jọ ní ìrọ̀lẹ́ sínú koríko gíga etí omi. Bí ó bá di ọjọ́ kan, wọn kò ní rí ẹyọ kan mọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wá gbà pé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ rì sí, pé ibẹ̀ ni ó ń sùn títí ooru fi padà dé. Àṣìṣe gbáà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣìṣe òmùgọ̀. Òtítọ́ ni pé ẹyẹ náà ń wọ̀ sí etí omi. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ibùsọ̀ ni wọ́n rí. Wọ́n ṣèbí ilé ni.

Ní ọdún 1822 ni ẹ̀rí kan yọjú. Wọ́n pa ẹyẹ ńlá ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan, irú àkọ̀ funfun, ní apá àríwá Jámánì. Ọ̀kọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní Áfíríkà ni ó gún un lọ́rùn, ẹyẹ náà sì gbé ọ̀kọ̀ yìí fò títí ó fi padà dé Yúróòpù. Ó ṣì wà ní ìpamọ́ ní Yunifásítì Rostock títí di òní. Ní ọdún 1899, ọkùnrin kan ní ìlú Viborg ní Dẹ́ńmáàkì, Hans Christian Mortensen, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí ó ní nọ́ńbà sí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni ọkùnrin yìí. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le: bí wọ́n bá fi òrùka sí ẹyẹ níbì kan, tí ẹlòmíràn sì rí i níbòmíràn, ìwé méjèèjì yóò sọ ọ̀nà tí ó gbà. Lónìí, ẹ̀rọ kéékèèké tí kò wúwo ju irúgbìn lọ wà tí àwọn onímọ̀ ń so mọ́ ẹyẹ, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ tí olùkọ́ yẹn fi lélẹ̀ ni wọ́n ṣì ń kọ́lé lé.

Ọ̀rá Ni Oúnjẹ Ọ̀nà

Láti etí Òkun Mẹditaréníà títí dé ibi tí koríko ti tún bẹ̀rẹ̀ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tó nǹkan bí 1,500 sí 2,000 kìlómítà. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, kò sí omi, kò sí igi, kò sí kòkòrò. Báwo wá ni ẹyẹ tí kò wúwo ju gíráàmù 12 lọ ṣe ń la irú ibẹ̀ kọjá?

Ọ̀rá ni ìdáhùn. Gíráàmù ọ̀rá kan ní agbára tí ó ju ìlọ́po méjì èyí tí ó wà nínú gíráàmù gàrí kan. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí ara ẹyẹ bá ń lo ọ̀rá, omi díẹ̀ ń jáde láti inú rẹ̀ sí ara, èyí sì ń ran ẹyẹ lọ́wọ́ níbi tí omi kò sí. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, àwọn ẹyẹ wọ̀nyí a máa jẹun ju bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹyẹ kékeré kan tí ń gbé inú koríko etí odò, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sedge warbler, lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìwúwo ara rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Yellow wagtail ti pápá ìṣeré wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n tirẹ̀: ní ọdún 1964, Peter Ward tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀rá tí ẹyẹ yìí ń kó sára ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà kí ó tó padà sílé.

Ohun kan tún wà tí ènìyàn kì í tètè rò. Bí ẹyẹ bá ti ń fò fún ìgbà pípẹ́ láìjẹun, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ni ń dín kù lára rẹ̀. Ìfun àti àpòlúkù rẹ̀ pẹ̀lú a máa sún kì. Nígbà tí ó bá balẹ̀ tán, kò lè jẹun púpọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ebi tilẹ̀ ń pa á tó. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí inú rẹ̀ tó padà sípò. Nítorí ìdí èyí, ibi tí ó bá bà sí gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí oúnjẹ wà nítòsí, tí kò sì sí ìdààmú. Ẹyẹ tí ó bá balẹ̀ síbi tí kò sí oúnjẹ kò ní agbára tí yóò fi wá ibòmíràn lọ.

Àwọn alájàpá ayé àtijọ́ yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ru ẹrù láti ìlú dé ìlú kì í wo gígùn ọ̀nà nìkan. Iye ibùsọ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà ni ó ń kà. Níbẹ̀ ni yóò ti sọ ẹrù kalẹ̀, tí yóò ti jẹ ẹ̀kọ, tí yóò ti sùn. Bí ibùsọ̀ kan bá tú, èyí tí ó kù níwájú lè jìn ju agbára arìnrìn-àjò lọ, ọ̀nà tí kò gùn ní àná yóò sì di ọ̀nà ikú lónìí.

Ìdí Tí Ó Fi Jẹ́ Etí Omi

Omi tí kò jìn, tí oòrùn ń mú gbóná, ni kòkòrò ti ń pọ̀ jù. Inú ẹrẹ̀ rẹ̀ ni ìdin, ekòló àti ìgbín kéékèèké wà, tí àwọn ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn ń fi ẹnu wọn wá. Orí koríko rẹ̀ ni irúgbìn wà fún pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́. Àárín eèsún a máa bo ẹyẹ kéékèèké mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àṣá, omi gbalaja sì ń jẹ́ kí pẹ́pẹ́yẹ rí ọ̀tá láti òkèèrè.

Ṣùgbọ́n ìdí tí ó lágbára jù lọ ni ti àkókò. Reginald Moreau, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ìrìn-àjò ẹyẹ láàrin Yúróòpù àti Áfíríkà jáde ní ọdún 1972 lẹ́yìn ikú rẹ̀, tọ́ka sí ohun ìyanu kan. Nígbà tí ẹyẹ bá ń dé sí ilẹ̀ pápá tí ó wà ní ẹsẹ̀ aṣálẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí ni, ewé tutù, oúnjẹ sì wà. Láti ìgbà náà lọ, ilẹ̀ a máa gbẹ sí i lójoojúmọ́. Síbẹ̀, oṣù kẹta àti ìkẹrin, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ jù, ni ẹyẹ gbọ́dọ̀ kó ọ̀rá jọ láti fi padà. Níbo ni yóò ti rí i? Apá kan ìdáhùn ni àwọn igi tí ń rúwé tí wọ́n sì ń so nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Apá kejì ni omi tí ó ṣẹ́ kù: etí odò ńlá, adágún, àti ilẹ̀ tí ìkún omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀.

Hadejia àti Nguru

Irú ibùsọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn tí ó tóbi ni ẹnu odò Senegal, ibi tí odò Ọya ti tàn ká ní ilẹ̀ Málì, àti Adágún Chad. Ọ̀kan wà nínú Nàìjíríà tìkára rẹ̀, láàrin ìlú Hadejia àti ìlú Nguru, ní ìpínlẹ̀ Jigawa àti Yobe. Odò Hadejia ti àgbègbè Kano wá. Odò Jama'are ti orí òkè Jos wá. Kí wọ́n tó pàdé láti di odò Yobe tí ó kọjú sí Adágún Chad, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, omi oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án a sì kún bo bèbè, a tàn káàkiri. Pẹ́pẹ́yẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní garganey, tí ó jẹ́ pé gúúsù Sàhárà ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń pamọ ní Yúróòpù ti ń lo ìgbà òtútù, wà lára àwọn tí ń sọ̀ síbẹ̀. Ẹyẹ ruff, tí àwọn kan nínú wọn ń ti Sìbéríà wá, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kì í ṣe ẹyẹ nìkan ni ó ń jẹ níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń gbin ìrẹsì sínú omi, wọ́n sì ń gbin ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti ata sí àkùrọ̀ tí omi fà sílẹ̀. Àwọn apẹja ń kó ẹja. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko bá ti tán níbòmíràn, àwọn Fúlàní darandaran a máa kó màlúù wọn wá.

Àbàtà àti Odò

Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Bí òwe yìí ti wí, ẹni tí ó bá wo àbàtà lè rò pé ó dá dúró. Ẹbí odò ni, ohun tí a bá sì ṣe sí odò lókè yóò kan àbàtà nísàlẹ̀. Ní ọdún 1974, wọ́n parí ìsédò Tiga ní ìpínlẹ̀ Kano, ìsédò Challawa Gorge sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1992. Láàrin àkókò náà, ọ̀dá mú gan-an, pàápàá ní ọdún 1972 sí 1973 àti 1983 sí 1984. Ọ̀dá àti ìsédò dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ilẹ̀ tí omi ń bò lọ́dọọdún, tí ó ju 2,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ ní àwọn ọdún 1960, wá dín kù sí nǹkan bí ìdajì tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹnìkan lè béèrè pé: ṣé nítorí ẹyẹ ni kí ará Kano má ṣe rí omi mu? Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí á fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn ìsédò wọ̀nyí ń fún ìlú ńlá lómi, wọ́n sì ń bomi rin oko. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe láàrin ènìyàn àti ẹyẹ. Láàrin ènìyàn tí ó wà lókè odò àti ènìyàn tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni. Ní ọdún 1991, Edward Barbier, William Adams àti Kevin Kimmage ṣírò èrè tí omi odò náà ń mú wá. Wọ́n rí i pé, bí a bá fi ìwọ̀n omi kan náà wé ara wọn, èrè oko, ẹja àti igi ìdáná láti inú àbàtà ju ti oko tí wọ́n ń fi omi ìsédò rin lọ fíìfíì. Ẹyẹ kò tilẹ̀ sí nínú ìṣírò yìí rárá.

Ìpalára mìíràn tún yọ. Àbàtà tí ó péye a máa kún, a sì máa gbẹ ní àsìkò tirẹ̀. Nígbà tí omi ìsédò bá ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún, koríko omi gíga kan, tí àwọn Haúsá ń pè ní kachalla, a máa gba ojú omi. Ó ti dí ojú ọ̀nà odò, ó ti dí ọ̀nà ọkọ̀ apẹja. Inú rẹ̀ ni ẹyẹ kan tí ó jọ ẹ̀gà, tí ń jẹ ọkà àgbẹ̀ run, ń wọ̀ sí lálaalẹ́. Ibùsọ̀ àwọn àlejò ń bàjẹ́, àwọn olè sì ń rí ilé gbé níbẹ̀.

Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀ Níhìn-ín, Tí Wọ́n Rí Lọ́hùn-ún

Ní ọdún 1969, àwọn tí ń ka ẹyẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé whitethroat, ẹyẹ kékeré kan tí ó wọ́pọ̀ nínú igbó etí oko wọn, kò padà dé. Bí a bá fi wé ti ọdún 1968, iye rẹ̀ fi ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ dín kù. Wọ́n wá ìdí rẹ̀ nílé, wọn kò rí i. Nígbà tí ó yá ni ó tó hàn pé ọ̀dá tí ó mú ní ẹsẹ̀ Sàhárà ni ó pa wọ́n. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sì wo ti sedge warbler, ẹyẹ inú koríko odò tí a ti dárúkọ ṣáájú, wọ́n rí i pé iye tí ń padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá òjò ẹsẹ̀ Sàhárà rìn: bí òjò bá rọ̀ dáadáa, púpọ̀ a padà, bí kò bá rọ̀, díẹ̀ ni a rí. Ìjọba ilẹ̀ kan lè tọ́jú gbogbo igbó rẹ̀ kí ẹyẹ rẹ̀ ṣì tán, bí ibùsọ̀ tí ó wà ní ilẹ̀ ẹlòmíràn bá gbẹ.

Nítorí èyí ni ó fi di ọ̀rọ̀ àdéhùn láàrin orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1971, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè pàdé ní ìlú Ramsar ní ilẹ̀ Irán, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti dáàbò bo ilẹ̀ àbàtà. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní ọdún 2001. Adágún Nguru àti ojú omi Marma, tí ó tó 58,100 hẹ́kítà, sì ni ó kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ìsàlẹ̀ odò Ouémé, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué ti wà nínú ìwé náà láti ọdún 2000. Ṣùgbọ́n orúkọ nínú ìwé kì í fa omi wá. Bí kò bá sí àdéhùn láàrin àwọn tí ń ṣí ìsédò àti àwọn tí ń retí omi, àbàtà yóò gbẹ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lórí ìwé.

Nítòsí Wa

Kì í ṣe àríwá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dé. Ní etí ọ̀sà Èkó, àwọn ẹyẹ etí omi tí ń ti Yúróòpù wá ń rìn lórí ẹrẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Púpọ̀ nínú àbàtà ibẹ̀ ni wọ́n ti da iyanrìn dí láti kọ́lé lé. Omi tí àbàtà ìbá gbà mọ́ra nígbà òjò wá ń wọ inú ilé. Níhìn-ín pẹ̀lú, ohun tí ó lé ẹyẹ kúrò kò fi ènìyàn sílẹ̀.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́rọ̀ yìí kò nílò ohun èlò ńlá. Ọgbà Lekki tí àjọ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, tí ó tó 78 hẹ́kítà, wà fún àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀. Fún àwọn ìyókù, odò ìlú tó. Kí wọ́n yan ibì kan létí omi, kí wọ́n máa lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù karùn-ún. Kí wọ́n kọ ọjọ́, irú ẹyẹ, iye rẹ̀ àti bí omi ti kún tó. Kí wọ́n bi àwọn àgbà pé kí ni orúkọ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé orúkọ náà ń lọ bí ẹyẹ ti ń lọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìwé àkọsílẹ̀ yẹn yóò sọ bóyá ibùsọ̀ náà ṣì ń gbàlejò, tàbí ó ti ń tú. Olùkọ́ kan ní Viborg kò ní ju òrùka àti ìwé lọ.

Àwọn àgbà kò purọ́ nígbà tí wọ́n sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ojú ọ̀run di kékeré. Ilẹ̀ tútù ìsàlẹ̀ ni ó wà ní ìkáwọ́ ènìyàn, ibẹ̀ sì ni a ó ti mọ̀ bóyá yellow wagtail yóò tún padà sórí pápá ìṣeré ní oṣù kẹwàá.